Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, nítorí abọ́ kan

Ẹ̀gbọ́n mi, ọkun o.

Jáàkì ni mò ń wá nínú bùútù lánàá tí mo fi rí abọ́ yín, aláwọ̀ ewé olómọrí yẹn, tí ẹ máa ń gbé sẹ́sẹ̀ láti Ìsánlú títí dé Ìlọrin. Mo rò pé wọ́n ti kó o mọ́ ẹrù yín.

Ẹ rántí oògùn pupa ti jẹjẹrẹ, tí ẹ sọ ní sóbò dókítà, tí ìtọ̀ yín fi ń pọ́n? Ọjọ́ 21 síra la ń lọ gbà á. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí kò bá tó, a ó padà sílé. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, abẹ́rẹ́ ò tíì kàn yín tí èébì ti ń gbé yín. A ò tíì kọjá Òmù-Àrán, ẹ ti ṣí ọmọrí. Nọ́ọ̀sì ní ìbẹ̀rù náà wà ńbẹ̀. Èmi ń wí pé, “Ẹ mọ́kàn le,” ọ̀rọ̀ tí kò ná mi ní kọ́bọ̀.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ ní, “Ṣé wàá jókòó tì mí lónìí?” Mo ní mò ń bọ̀. Inú mọ́tò ni mo lọ, mo gbé gíláàsì sókè, mo jẹ dùńdú. Wákàtí mẹ́ta. Ìgbà tí mo wọlé, obìnrin kan tí a kò mọ̀ rí, tí omi ń kán sí tirẹ̀ náà lára, ló ń fọwọ́ kan gbé abọ́ fún yín. Lójú ọ̀nà, ẹ bi mí pé, “Ṣé o rí nǹkan jẹ?”

Kí ló dé tí ẹ ò bú mi? Ẹ sáà mọ èèyàn bú, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ẹbí dáwó, wọ́n gbé iṣu wá, kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ẹ̀rù ń bà yín. Ẹ̀yin náà ò sọ. Oṣù méje lẹ fi pa kókó yẹn mọ́ra ká tó gbọ́! Inú ṣì ń bí mi.

Ìyàwó mi náà ti rí kókó. Wọ́n ti gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni èsì. Kò sunkún lójú mi. Ó kàn ń béèrè bóyá mo ti jẹun.

Lóru, ó bá mi lẹ́yìnkùlé nídìí garawa omi. “Kí lẹ ń fọ láago méjì?”

Mo ní abọ́ ni.