Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Ìwé Yín Ní A Tọ́jú Wọn, Ara Wọn Ní Rárá

Sí Ọ̀gá Àgbà àti ìgbìmọ̀ olùdarí ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú yín,

Ẹ kú iṣẹ́. Àwa tí a kọ lẹ́tà yìí ni ẹbí àti alágbàtọ́ àwọn aláàbọ̀ ara tó ń gbé nínú ilé ìtọ́jú yín, àwa náà la sì ń san owó ìtọ́jú wọn lóṣooṣù. Ẹ̀sùn tí a mú wá kì í ṣe ti oúnjẹ tó tutù tàbí ti aṣọ tó sọnù níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ. Ẹ̀sùn ìlòkulò àti ìpatì ni. A fẹ́ kí ẹ dá wa lóhùn nínú ìwé, kì í ṣe lórí fóònù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti yàrá 4. Obìnrin tó ń gbé níbẹ̀ kò lè dá ara rẹ̀ yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ètò ìtọ́jú rẹ̀, tí ẹ̀yin fúnra yín buwọ́ lù, ní kí wọ́n máa yí i padà ní wákàtí méjì-méjì, tọ̀sán-tòru. Nígbà tí a rí egbò tó wà ní egungun ìdí rẹ̀, ó ti kọjá awọ, ó ti dé inú ọ̀rá. Ìpele kẹta nìyẹn nínú mẹ́rin tí egbò ìdùbúlẹ̀ sójú kan ní. Kí egbò tó dé bẹ̀, awọ ara á ti kìlọ̀. Lára ẹni tó funfun, ibẹ̀ á pọ́n, tí ènìyàn bá sì fi ìka tẹ̀ ẹ́, pípọ́n náà kò ní lọ. Lára ẹni tó dúdú, pípọ́n yẹn lè má hàn rárá. Ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ á gbóná tàbí kó tutù ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, á le, tàbí kó rọ̀ bí ohun tó gba omi, á sì máa dun ẹni náà. Gìgísẹ̀, ìbàdí, egungun ìdí, ìgúnpá àti ẹ̀yìn orí ni ó yẹ kí wọ́n máa fọwọ́ kàn wò. Ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ tó sì ṣe bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàìmọ̀.

A béèrè ìwé tí wọ́n ń kọ ìyípadà rẹ̀ sí. Ìwé náà mọ́ tónítóní. Aago 12, aago 2, aago 4, aago 6: ọjọ́ 14 gbáko, kò yẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, bírò kan náà, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà. Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní òru ọjọ́ tí obìnrin náà sùn sí ilé ìwòsàn pàápàá. Ìwé yín sọ pé wọ́n yí i sí apá òsì ní aago 2 òru ọjọ́ yẹn. Ta ni wọ́n yí padà?

Ìdí tí wọ́n fi ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Òṣìṣẹ́ 2 ló ń ṣiṣẹ́ òru fún olùgbé 22. Nínú àwọn 22 yìí, 9 ni fáìlì wọn sọ pé ènìyàn méjì ni kó máa pawọ́ pọ̀ yí wọn. Bí yíyí ẹnì kan bá gba ìṣẹ́jú 10, àwọn 9 máa gba ìṣẹ́jú 90 nínú 120 tó wà nínú wákàtí méjì. Ìṣẹ́jú 30 ló kù fún pípààrọ̀ ìtẹ́dìí, fún dídáhùn agogo tí olùgbé fi ń pè wọ́n, fún ẹni tí wárápá bá gbé, àti fún òṣìṣẹ́ náà láti mu omi. Ní gbogbo àkókò tí àwọn méjèèjì bá sì wà nínú yàrá kan, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ti àwọn 21 yòókù. Ẹ̀yin ni ẹ ṣètò iṣẹ́ tí kò ṣeé ṣe, ẹ wá ń gba ìwé tó sọ pé wọ́n ṣe é. Èyí kò mú ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹni tó kọ irọ́, ṣùgbọ́n ó mú ẹ̀bi náà dé ọ́fíìsì yín.

Ohun kan wà nínú ilé yín tí kì í purọ́: ẹ̀rọ agogo. Ó máa ń tọ́jú àkókò tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ àti àkókò tí wọ́n pa á. Ẹ fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ hàn wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a sì rí i pé agogo yàrá 7 dún fún ìṣẹ́jú 47 ní òru kan tí ìwé sọ pé olùgbé náà “sùn dáadáa”. Láti ìgbà yẹn, ẹ sọ pé àṣírí ilé-iṣẹ́ ni. A tún rí i nígbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pé wọ́n ká okùn agogo kọ́ ara ògiri, níbi tí ẹni tó dùbúlẹ̀ kò lè nawọ́ dé. Fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, agogo tí a ń fọwọ́ tẹ̀ kò wúlò. Bọ́tìnì tí a ń fi orí tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tẹ̀ ni ó yẹ kó ní, ó sì wà nínú ètò ìtọ́jú olùgbé méjì tí wọn kò tíì rí i gbà títí di òní.

Ti oúnjẹ ń bà wá lẹ́rù jù, nítorí pé ó máa ń pa ènìyàn láìsí ariwo. Ọkùnrin tó wà ní yàrá 11 kò gbọdọ̀ mu omi lásán. Ohun mímu tí wọ́n ti mú ki díẹ̀ ni kó máa mu, kí oúnjẹ rẹ̀ sì jẹ́ lílọ̀. Ó yẹ kó jókòó gangan, kí ẹni tó ń bọ́ ọ jókòó síwájú rẹ̀ ní ìwọ̀n gíga kan náà, kí ó fi ṣíbí kékeré bù ú, kí ó dúró títí yóò fi gbé èyí tó wà lẹ́nu mì, kí ọkùnrin náà sì wà ní ìjókòó fún ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn oúnjẹ. Ohun tí a fojú rí ni pé òṣìṣẹ́ dúró lé e lórí, tó fi mú kó gbé àgbọ̀n sókè, tí ọ̀nà èémí rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Abọ́ tán láàárín ìṣẹ́jú 6. Wọ́n sì dẹ orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kó lè dùbúlẹ̀. Òtútù àyà ti kọ lù ú lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta. Alákòóso ilé sọ fún wa pé kò ní ìṣòro nítorí pé kì í wúkọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Oúnjẹ àti omi lè máa gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ara rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n mọ́, kó má hú ikọ́ kankan. Ohùn tó ń dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun lẹ́yìn oúnjẹ, ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, àti ara tó ń rù ni ó yẹ kí ẹ máa wò. Ìwọ̀n ara rẹ̀ ti já láti kílò 58 sí 54 láàárín oṣù kan. Bí ìwọ̀n ara bá já ju 5 nínú 100 lọ láàárín oṣù kan, dókítà ni ó yẹ kó gbọ́. Tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7.

Ẹ wá gbọ́ ti pátákó àwòrán. Ọ̀dọ́mọkùnrin yàrá 15 kò lè sọ̀rọ̀ lẹ́nu. Pátákó àwòrán ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí ìyà, nítorí pé ó da oúnjẹ nù. Kò yàtọ̀ sí kí wọ́n fi aṣọ dí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu. Nínú ọjọ́ mẹ́rin yẹn, ìwé sọ pé “kò ṣàròyé kankan”. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí gbá ògiri, wọ́n ní bí ìpèníjà rẹ̀ ṣe rí nìyẹn, wọ́n sì fún un ní oògùn tí ń mú ni sùn. Kí ẹnikẹ́ni tó fún un ní oògùn bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tó yẹ kó wáyé ni: ṣé ehín ń dùn ún? Ìgbà wo ló ṣe ìgbẹ́ kẹ́yìn? Ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́ ní àwọn ọjọ́ tí ìwà náà bẹ̀rẹ̀? Ìbéèrè kẹta yìí ni wọn kì í béèrè nínú ilé yín.

Èsì tí ẹ kọ sí ẹ̀sùn wa àkọ́kọ́ kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ẹ ní ẹ ti bi òṣìṣẹ́ tí a fẹ̀sùn kàn, ó ní òun ṣe iṣẹ́ òun, ẹ sì ti gbé e lọ sí ilé yín mìíràn. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹni tí a fẹ̀sùn kàn ni ó kọ ìwé, ọ̀gá rẹ̀ ni ó yẹ ìwé wò, ọ̀gá kan náà ni ó tún ṣèwádìí. Gbígbé e lọ síbòmíràn láìsọ fún àwọn ẹbí tó wà níbẹ̀ sì túmọ̀ sí pé àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ló kàn báyìí.

Ẹ kò lè sọ pé irú èyí ò ṣẹlẹ̀ rí. Ní Winterbourne View, ilé ìwòsàn àdáni fún àwọn tó ní ìpèníjà ọpọlọ ní England, nọ́ọ̀sì àgbà kan fi ìlòkulò tó rí tó àwọn ọ̀gá àti àjọ tó ń ṣàbójútó létí, wọn kò ṣe ohun tó yẹ, títí kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀ BBC fi gbé e jáde ní 2011. Òṣìṣẹ́ 11 jẹ́wọ́ ẹ̀bi ní ilé-ẹjọ́, 6 nínú wọn lọ sẹ́wọ̀n ní 2012. Àdéhùn Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, tí wọ́n tẹ́wọ́ gbà ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2006, ti sọ ọ́ nínú abala 16 pé àwọn aláṣẹ tó dá dúró ni kó máa ṣàbójútó gbogbo ilé àti ètò tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara. Ẹni tó dá dúró ni wọ́n wí, kì í ṣe ọ̀gá òṣìṣẹ́.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ nìyí. Láàárín wákàtí 48, kí nọ́ọ̀sì tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín yẹ awọ ara gbogbo olùgbé tí kò lè dá yí padà wò, kí ó ya àwòrán ibi tó bá rí pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó sì sàmì sí i lórí àwòrán ara nínú fáìlì pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Láti alẹ́ òní, kí òṣìṣẹ́ òru di 4 ó kéré tán. Kí ẹ má pa àkọsílẹ̀ agogo rẹ́. Kí ẹ fún wa ní ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Kí ẹni tó mọ̀ nípa gbígbé oúnjẹ mì wá wo yàrá 11 kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Kí pátákó àwòrán má tún kúrò lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn láé, ì báà ṣe fún ìṣẹ́jú kan.

Ẹ tún ojú ewé 3 ìwé ìlànà yín kọ pẹ̀lú. Ó ní bí ìfura ìfipábánilòpọ̀ bá wà, kí wọ́n kọ́kọ́ wẹ olùgbé kí wọ́n tó pe alákòóso. Ẹ̀rí ni ẹ ní kí wọ́n fọ̀ nù yẹn! Kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má fọ aṣọ tàbí ṣíìtì rẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ tí wọ́n bá bọ́ sínú àpò bébà, kí wọ́n pe ọlọ́pàá àti dókítà, kí ẹni tí olùgbé náà fọkàn tán sì dúró tì í.

Lẹ́yìn ẹ̀sùn wa àkọ́kọ́, ẹ dín àkókò àbẹ̀wò kù sí wákàtí kan lọ́sẹ̀, òṣìṣẹ́ kan tó bá wa sọ̀rọ̀ sì pàdánù iṣẹ́ òru rẹ̀. Ẹ dá méjèèjì padà. Àwa náà ti ń kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀ báyìí, a sì ti ya àwòrán.

Ẹ̀dà lẹ́tà yìí wà nílẹ̀ fún àjọ ìjọba tó fún yín ní ìwé àṣẹ àti fún ọlọ́pàá. Ti yàrá 4 àti ti yàrá 15 ń lọ sọ́dọ̀ wọn lónìí. Ọjọ́ 7 ni a fún yín lórí ìyókù.

Àwa ni,
Ẹbí àti alágbàtọ́ àwọn olùgbé