Bi Í Léèrè Kó O Tó Gbé E

Àkànní ọmọ mi,

Ohùn rẹ lórí fóònù lálẹ́ àná, ohùn ẹni tí kò roorun sùn ni. Ìyàwó rẹ tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù sì ń pè ọ́ láti inú yàrá, ni mo ṣe ní kí n kúkú kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, kó o máa kà á nígbà tó bá sùn.

O ní gbogbo nǹkan lo ń bá a ṣe. O ń wẹ̀ ẹ́, o ń wọṣọ fún un, o ń fi ṣíbí bọ́ ọ, kódà bí àlejò bá kí i, ìwọ lò ń dáhùn. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ gan-an nìyẹn. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó mú ọ̀rọ̀ sísọ, kò mú òye rẹ̀. Apá òsì ọpọlọ tó ń darí ọ̀tún ara náà ni ọ̀pọ̀ jù lọ èèyàn fi ń sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀tún ara àti ọ̀rọ̀ sísọ fi bàjẹ́ pọ̀. Ó mọ ohun tó fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ náà ni kò tètè bọ́ sẹ́nu. Bó o bá ti bá a sọ ọ́, o ti gba ìwọ̀nba tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bi í ní ìbéèrè tó lè fi "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" dáhùn, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kó o wá dákẹ́. Mo mọ̀ pé àtikékeré lo ti máa ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ni lẹ́nu. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ báyìí.

Ká wá bọ́ sórí aṣọ. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wo bàbá rẹ nílé ló kọ́ mi: ọwọ́ tó rọ ni wàá kọ́kọ́ wọ aṣọ fún, ọwọ́ tó dá ṣáṣá ni wàá kọ́kọ́ bọ́. Wá aṣọ tó fẹ̀, tó ní bọ́tìnnì níwájú. Kó apá aṣọ náà jọ sọ́wọ́ ara rẹ, ti ẹnu rẹ̀ ni kó o gbà ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kó o fi di ọwọ́ tirẹ̀ mú jẹ́jẹ́, kó o wá fa aṣọ náà gòkè dé èjìká. Lẹ́yìn ìyẹn, fà sẹ́yìn. Jẹ́ kó fi ọwọ́ òsì fa èyí tó kù wọ̀, kó de bọ́tìnnì tó bá lè dè. Yóò pẹ́. Jẹ́ kó pẹ́.

Má fa ọwọ́ tó rọ yẹn láé, má sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lábíyá láti fi gbé e dìde. Iṣan tó di èjìká mú ti dẹ̀, eegun lè yẹ̀. Bó bá jókòó, fi ìrọ̀rí gbé ọwọ́ náà. Kó o tó gbé e, sọ ohun tó o fẹ́ ṣe fún un, bi í bóyá ó ti ṣe tán, kó o sì dúró gba èsì. Tẹ bíréèkì àga onítáyà náà kó o tó sún mọ́ ọn. Orúnkún ni kó o tẹ̀, má tẹ ẹ̀yìn. Bí ẹ̀yìn tìẹ náà bá lọ, ta ni yóò wá gbé ta ni?

Oúnjẹ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Kó jókòó dáadáa kó tó jẹun, kó má sì dùbúlẹ̀ títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Yẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún wò, oúnjẹ lè sá pamọ́ síbẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Omi lásán tá a rò pé ó rọrùn ló máa ń tètè ya sí ọ̀nà èémí. Bó bá ń wúkọ́ nígbà tó ń mu ún, tàbí tí ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun, sọ fún wọn nílé ìwòsàn.

Bó bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, yí i padà ní wákàtí méjì-méjì. Wo ìdí, ìgbáròkó àti gìgísẹ̀ lójoojúmọ́. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, má retí kó pọ́n; ibi tó bá dúdú ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, tó gbóná tàbí tó le, ibẹ̀ ni kó o má jẹ́ kó fi sùn mọ́. Má fọwọ́ ra á. Ìgúnpá rẹ ni kó o fi tọ́ omi ìwẹ̀ wò.

Ẹkún tó ń sun láìnídìí àti ẹ̀rín tó rín nígbà tí dókítà ń sọ̀rọ̀, àìsàn náà lè fà á, má bá a jà. Àmọ́ bó bá di pé inú rẹ̀ kì í dùn mọ́ rárá, tí kò fẹ́ jẹun, jẹ́ kí dókítà gbọ́, ìtọ́jú wà fún ìyẹn. Bí ẹnu rẹ̀ bá tún wọ́, tí ọwọ́ kan ṣàdédé já wálẹ̀, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tún bàjẹ́ sí i lójijì, má dúró dilẹ̀ mọ́. Wo aago kó o lè sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, kó o gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ní òun bi ọ́ pé kí ni òun lè ṣe, o ní kò sí. Kò sí báwo? Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Pè é padà lónìí, sọ pé kó máa wá jókòó tì í láàárọ̀ Sátidé, kí ìwọ lọ sùn. Kó má jẹ́ pé yóò wá, wàá tún máa ṣe é lálejò.

Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Èmi ni màá sùn ní yàrá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Gbé ìwé tó o ń kọ àkókò oògùn sí sórí tábìlì, kí n lè mọ èyí tó ti lò àti èyí tó kù.

Ìyá rẹ