Mo ti gun kẹ̀kẹ́ yí erékùṣù ká

Glasgow,
Oṣù Kẹfà.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Má bínú pé èsì lẹ́tà rẹ pẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ gbogbo èébú tí o fi ránṣẹ́ lórí fóònù, mo sì gbà pé mo jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí gùn ju ti WhatsApp lọ ni, ìwọ ló sì yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, torí ọwọ́ rẹ wà níbẹ̀.

Mo ti gun kẹ̀kẹ́ o! Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Màrúwá, kẹ̀kẹ́ ológeere gidi ni, irú èyí tí à ń háyà lẹ́yìn ilé ìwé, tí o máa ń di ìjókòó rẹ̀ mú, tí ò ń pariwo "Máa wà á, mo dì í mú!" nígbà tí o ti tú mi sílẹ̀ tipẹ́. Àpá rẹ̀ ṣì wà ní orúnkún mi.

Erékùṣù kan wà ní ìwọ̀ oòrùn Scotland tí wọ́n ń pè ní Great Cumbrae. Mo ti kẹ̀kẹ́ ọmọ mi wọ ọkọ̀ ojú irin ní Glasgow Central, bí wákàtí kan lẹ́yìn náà mo bọ́ sílẹ̀ ní Largs, létí òkun. Kẹ̀kẹ́ kì í sanwó nínú ọkọ̀ ojú irin, kì í sì í sanwó nínú fẹ́rì, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn láti Largs sọdá sí erékùṣù náà. Mo rántí àwọn kọ̀ndọ́ ìlú wa tó ń gba owó ẹrù lórí àpò gàrí kékeré.

Fẹ́rì yẹn gan-an ló fẹ́ dá mi padà. O mọ̀ mí, o mọ omi. Ọmọ Ìbàdàn ni wá, Ògùnpa nìkan ni òkun tiwa, a sì fojú rí ohun tó ṣe lọ́dún 1980, bó ṣe ń gbé ilé, tó ń gbé èèyàn. Láti ìgbà náà, omi tó bá ti ju inú báfù lọ, mi ò bá a ṣeré. Ẹnu ọkọ̀ náà là sílẹ̀ gbàgà, mọ́tò ń wọlé, àwọn ọmọdé ń sáré wọlé, èmi dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ojú tì mí, mo wọlé. Ìṣẹ́jú 10 péré ni wọ́n fi ń sọdá. Mo ka Sáàmù 121 lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá kan tó jókòó tì mí wá ń sọ fún mi pé ní 1263, omi yìí kan náà ni ìjì ti gbá àwọn ọkọ̀ ogun Haakon ọba Norway lọ sí etíkun Largs, tí ogun Scotland fi dìde sí wọn. Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ṣé orí omi ló yẹ ká ti máa sọ ìyẹn?

Ọ̀nà kan ló yí erékùṣù náà ká, ó jẹ́ máìlì 10. Mo yà sí ọwọ́ òsì bí mo ṣe bọ́ sílẹ̀, òkun sì wà lọ́wọ́ òsì mi títí di òpin. Mọ́tò kò pọ̀, òkè kò ga, àárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti rántí. Ní etí òkun Millport, ìlú kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ọ̀nì kan la ẹnu sílẹ̀ kalẹ̀. Àpáta ni o! Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń fi ọ̀dà kun ún, wọ́n ya ojú àti eyín sí i. Ilé kan tún wà níbẹ̀ tí iwájú rẹ̀ kò fẹ̀ ju ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ. Ní Dùgbẹ̀, ẹni tó ń ta káàdì fóònù ni wọn ì bá fún.

Kàtídírà wọn náà kéré. Àwa tí a ń lọ sí St. James l'Ókè Bọ́lá, a ó rò pé yàrá ìkọrin ni a wọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ kò ka ara wọn sí kékeré rárá. Àlùfáà kan jẹ láyé àtijọ́, James Adam, tó máa ń gbàdúrà fún Cumbrae Ńlá àti Cumbrae Kékeré, kó tó wá fi "àwọn erékùṣù ìtòsí," ìyẹn Great Britain àti Ireland, kún un. Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Àbí kí ni ọmọ Ìbàdàn ń sọ nípa Èkó?

Mo kúrò ní Millport, mo yí sí apá tó kọjú sí òkè Arran, erékùṣù mìíràn, atẹ́gùn ń gbá mi, ni ṣéènì bá bọ́. Kò sí fọkanáísà, kò sí ẹnikẹ́ni. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo ń wo ẹran omi kan tí orí rẹ̀ dà bí ti ajá, òun náà ń wò mí. Ìgbà tó ṣe, ọmọbìnrin méjì gun kẹ̀kẹ́ dé pẹ̀lú ìyá wọn, wọn ò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ọ̀kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ṣéènì padà. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n nígbà tí mo fẹ́ gbéra, ni èkejì bá di ìjókòó mi mú, ó ní kí n máa lọ, òun dì í mú. Mo wà á dáadáa. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ọmọ yẹn ti dúró sọ́hùn-ún tipẹ́, ó ń ju ọwọ́ sí mi.

Àbẹ̀kẹ́, ṣé ìwọ lo rán an ni?

Fẹ́rì tí mo bá padà, mi ò ka Sáàmù kankan. Ẹ̀rù kò kúkú tán, ó kàn rẹ̀ mí ni. Gíríìsì ṣì wà lára ṣòkòtò funfun mi, ọṣẹ ò ràn án.

Orúnkún Màmá ńkọ́? Sọ fún wọn pé mo kí wọn, ṣùgbọ́n má sọ ti kẹ̀kẹ́ fún wọn o, wọn á ní kí n padà wálé.

Èmi ni,
Àjọkẹ́ rẹ.