Oyè Vietnam kì í ṣe òjìji oyè Ṣáínà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Mo ka àròkọ tí ẹ gbé jáde lórí oyè àti ipò láàfin àwọn ọba ilẹ̀ Éṣíà láyé àtijọ́. Ó gbádùn mọ́ mi títí mo fi dé ibi tí òǹkọ̀wé náà ti kan Vietnam. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ níbẹ̀, pé ohun tí Ṣáínà bá ti ṣe ni Vietnam ń wò ṣe, pé kò sí ohun tó kù láti sọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìtàn àwọn ènìyàn wọ̀nyí, mi ò sì lè panu mọ́.

Òtítọ́ ni pé láti Ṣáínà ni orúkọ àwọn oyè náà ti wá. Vuong ló ga jù, cong tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà hau, ba, tu àti nam. Lókè gbogbo wọn ni ọba tó wà lórí ìtẹ́, hoang de. Ṣùgbọ́n ní ọdún 968, nígbà tí Dinh Bo Linh ṣẹ́gun àwọn olórí ogun méjìlá tó ti fa ilẹ̀ náà ya mọ́ ara wọn lọ́wọ́, hoang de ló pe ara rẹ̀ ní olú-ìlú rẹ̀, Hoa Lu. Oyè kan náà tí ọba Ṣáínà ń jẹ ni. Ní 971 ó pín oyè fún àwọn ìjòyè àti àwọn ọ̀gágun, kò sì yọ àwọn àlùfáà ẹ̀sìn Búdà sílẹ̀. Ṣáínà ò gbà fún un. Ní 975, ọba ìdílé Song kéde pé òun fi í jẹ olórí àgbègbè Giao Chi, orúkọ tí Ṣáínà ń pe ilẹ̀ náà, bí ẹni pé ẹ̀ka ìjọba òun ni. Ó di 1174 kí wọ́n tó gbà láti pe ẹni tó wà lórí ìtẹ́ níbẹ̀ ní ọba orílẹ̀-èdè An Nam, orúkọ mìíràn tí Ṣáínà fún Vietnam. Ní gbogbo àkókò yẹn, hoang de ni wọ́n ń pè é nílé, kò sẹ́ni tó dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ìdílé Tran, tó jọba láti 1225 títí di 1400, ni mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín mọ̀ dáadáa. Àwọn yìí kó oyè ńláńlá sínú ẹbí. Ọmọ ọba a gba oyè vuong, a gba ilẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, a sì ní ẹrú àti ọmọ ogun tirẹ̀ lórí ilẹ̀ náà. Ní 1266, ọba yọ̀ǹda fún àwọn ọmọ ọba lọ́kùnrin lóbìnrin pé kí wọ́n kó àwọn tí kò rílé gbé jọ láti máa ṣán igbó fún wọn. Ọba gan-an kì í dúró de ikú lórí ìtẹ́: bí ọmọ bá ti tójú bọ́, bàbá a gbé adé fún un, a sì di ọba àgbà tó ń tọ́ ọ sọ́nà. Ní 1268, ọba Tran Thanh Tong sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀ pé ogún baba ńlá wọn ni ìjọba, kí wọ́n jọ jẹ ẹ́. Bí ìpàdé ààfin bá ti tú, wọn a jọ jẹun, wọn a sì jọ sùn pọ̀. Ọjọ́ àjọ̀dún àti ọjọ́ àlejò nìkan ni olúkúlùkù ń wá ààyè oyè rẹ̀ jókòó sí.

Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àti ojúrere ọba ò tó. Ẹ gbọ́ ti Tran Khanh Du. Ọba Thanh Tong sọ ọ́ dọmọ, ó sì fi í sí ipò ọ̀gágun tó jẹ́ pé ọmọ ọba nìkan ló ń dé ibẹ̀. Ni Khanh Du bá lọ bá ìyàwó Hung Vu Vuong lò pọ̀, Hung Vu Vuong tó jẹ́ ọmọ Tran Hung Dao, ọ̀gágun àgbà. Ọba ní kí wọ́n lù ú pa létí adágún ńlá tó wà ní Thang Long, olú-ìlú wọn tó ń jẹ́ Hanoi lónìí, ṣùgbọ́n ó ti sọ fún àwọn tó ń lù ú ní kọ̀rọ̀ pé kí wọ́n má jẹ́ kó kú. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba dúkìá rẹ̀, ó sì padà sí Chi Linh, ó ń ta èédú. Ọ̀gágun tó ti ń bá ọba jókòó, èédú ló ń tà!

Ní 1282, nígbà tí ogun àwọn Mongol, tó ti gba Ṣáínà, ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀, ọba Nhan Tong, ọmọ Thanh Tong, pe àwọn ìjòyè jọ sí Binh Than láti gbìmọ̀. Ọkọ̀ èédú kan ń kọjá lójú omi, ẹni tó wà nínú rẹ̀ dé akẹtẹ̀. Ọba dá a mọ̀, ó ránṣẹ́ pè é. Ó bọ́ ẹ̀wù ọba fún un, ó sì ní kó jókòó lẹ́yìn àwọn vuong, ṣáájú àwọn cong àti hau. Wọ́n dá a padà, àmọ́ wọ́n wọn ibi tí yóò jókòó sí. Ní 1288, ọkọ̀ ogun Mongol kọ́kọ́ lé e sẹ́yìn, ọba àgbà sì pàṣẹ kí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n mú un wá. Ó bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ péré, torí ó mọ̀ pé ọkọ̀ oúnjẹ wọn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní Van Don ló ti dá wọn lọ́nà. Ohun tí ọ̀tá ò bá jẹ rì sómi, ebi sì wọ àgọ́ wọn.

Ti Tran Hung Dao fúnra rẹ̀ jinlẹ̀ jù báyìí lọ. Òun ló ṣáájú ogun tó lé àwọn Mongol lọ ní 1285 àti 1288, Hung Dao Dai Vuong ni wọ́n sì fi í jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin yìí ní ìdí láti bínú sí ìtẹ́. Ní 1237, wọ́n gba ìyàwó bàbá rẹ̀ pẹ̀lú oyún nínú, wọ́n fi í ṣe ayaba fún àbúrò bàbá rẹ̀. Kí bàbá náà tó kú ní 1251, ó ní kí ọmọ òun bá òun gba adé. Hung Dao kò ṣe é. Ó fi ọ̀rọ̀ náà lọ ẹrú rẹ̀ méjì, Yet Kieu àti Da Tuong, wọ́n sì dá a lóhùn pé ó tẹ́ àwọn lọ́rùn kí àwọn kú sípò ẹrú ju kí àwọn di ìjòyè nípa ọ̀dàlẹ̀.

Ọba wá fún un láṣẹ tí kò wọ́pọ̀. Àwọn oyè kéékèèké, kó máa fi ẹni tó bá wù ú jẹ ẹ́. Oyè hau, kó fi ẹni náà jẹ ẹ́ tán kó tó sọ fún ààfin. Kò fi ẹnì kan ṣoṣo joyè títí ó fi kú ní 1300. Nígbà ogun, ó gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn olówó láti fi bọ́ ọmọ ogun, ohun tó sì fún wọn ni orúkọ ọ̀gágun aláfẹnujẹ́, kì í ṣe oyè gidi. Ogun ń jó ilẹ̀, ó nílò oúnjẹ wọn gan-an, síbẹ̀ kò fi oyè ọba san gbèsè ìrẹsì. Lójú tèmi, nínú gbogbo ohun tó ṣe, èyí ló fi hàn jù pé ó mọ ohun tí oyè jẹ́.

Ẹni tó bá ní Ṣáínà ló ń sọ ẹni tó jẹ́ olóyè ní Vietnam, kó wo ọdún 1285. Ìdílé Yuan ti Mongol ló wà lórí ìtẹ́ Ṣáínà nígbà náà. Wọ́n mú Tran Binh Trong, ọ̀gágun Vietnam, lójú ogun, wọ́n ní àwọn yóò fi í jẹ vuong bó bá lè bá wọn ṣe. Ó fèsì pé ó wu òun kí òun di iwin ilẹ̀ Gúúsù ju kí òun jẹ vuong ilẹ̀ Àríwá lọ: Vietnam ni Gúúsù, Ṣáínà ni Àríwá. Wọ́n pa á. Lọ́dún yẹn kan náà, Tran Ich Tac, àbúrò ọba àgbà, kó ẹbí rẹ̀ sá lọ bá ọ̀tá. Kublai, ọba Yuan, fi í jẹ ọba An Nam ní 1286. Oyè ọba ńlá ni, àmọ́ kò sí ìlú tó gbà á. Ṣáínà ló kú sí. Nílé, wọ́n gba orúkọ ìdílé lọ́wọ́ àwọn ìbátan mìíràn tó sá lọ, wọ́n sọ wọ́n di ará ìdílé Mai. Ti Ich Tac, torí pé ó sún mọ́ ìtẹ́ jù, wọ́n fi Tran sílẹ̀ fún un, àmọ́ wọ́n ń fi orúkọ obìnrin pè é láti fi tẹ́ ẹ.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo rẹ̀ ló dára. Ọ̀rọ̀ Ly Chieu Hoang, ẹni ìkẹyìn tó jọba nínú ìdílé Ly tó ṣáájú Tran, ń dùn mí títí di òní. Òun nìkan ni obìnrin tó jẹ hoang de nínú ìtàn wọn, ọmọdé sì ni, ní 1224. Kò tó ọdún méjì tí wọ́n fi mú un gbé ìtẹ́ fún ọkọ rẹ̀, ọmọ Tran. Ó di ayaba. Ní 1237 wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè torí kò rọ́mọ bí, ó di ọmọ ọba lásán, nígbà tó sì di 1258, ọkọ rẹ̀ tó wà lórí ìtẹ́ fi í fún ọ̀gágun kan, Le Phu Tran, láti fi san án lẹ́san iṣẹ́ ogun. Ọmọge tó ti jọba di ẹ̀bùn.

Ti ìdílé Le, tó gorí ìtẹ́ ní 1428 lẹ́yìn àwọn Tran, yàtọ̀ síyẹn. Le Thanh Tong ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ọmọ tálákà tó bá yege ìdánwò ìwé, ní 1484 ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ orúkọ wọn sára òkúta. Méjìlélọ́gọ́rin nínú òkúta náà ṣì dúró ní Tẹ́ńpìlì Ìmọ̀ ní Hanoi, tí ojú lè rí.

Mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá fẹ́ máa bá àwọn àròkọ náà lọ, ẹ fún Vietnam lójú ewé tirẹ̀, kí ẹ sì yọ gbólóhùn kan yẹn kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì yín. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń kà á.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.