Ẹ̀rọ Pọ́líìṣì àti Páàdì Tó Yẹ Ọ̀dà Ọkọ̀ Wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Bí wọ́n ṣe ń ba ọ̀dà ọkọ̀ tòkunbọ̀ jẹ́ nílùú wa ló mú mi kọ̀wé yìí. Bí ẹni bá gbé ọkọ̀ tí fóòmù oníyanrìn ti ha lára lọ sọ́dọ̀ péńtà, ẹ̀rọ pọ́líìṣì tó ń yí lójú kan ni wọ́n sábà máa ń gbé jáde, pẹ̀lú páàdì onírun àgùntàn tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ àti kọ́ńpáùn (ìpara tí wọ́n fi ń bó ojú ọ̀dà kó lè dán) tó le jù lọ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń lo gíráńdà tí àwọn wẹ́dà fi ń gé irin, èyí tó lè yí ní ìgbà 11,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, nígbà tí iṣẹ́ pọ́líìṣì kì í sábà fẹ́ ju 2,000 lọ. Ọkọ̀ náà á máa kọ mànà lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n bí oòrùn ọ̀sán bá là sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì dúdú, gbogbo ipa ẹ̀rọ ni yóò hàn ketekete.

Kílíà, ìyẹn ìpele aláìláwọ̀ tó ń dán tó bo ọ̀dà tó ti ilé-iṣẹ́ wá, kì í sábà nípọn ju 50 máíkírọ́ọ̀nù lọ. Kò tó ìnípọn irun orí. Kọ́ńpáùn kì í dí ojú ibi tó ha, ńṣe ló ń bó kílíà títí ojú rẹ̀ yóò fi tẹ́jú, èyí tó bá sì ti bó lọ kò tún lè padà, àfi kí wọ́n kun ọkọ̀ lọ́tun.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé DA ("dual action", ẹ̀rọ pọ́líìṣì oníṣísẹ̀ méjì) ni ẹ̀rọ tó yẹ ẹni tí kò tíì mọwọ́ iṣẹ́ náà dáadáa. Bí páàdì rẹ̀ ti ń yí ló tún ń gbọ̀n kiri, ooru kì í tètè kó jọ sójú kan, bí a bá sì tẹ̀ ẹ́ jù, yíyí rẹ̀ á dáwọ́ dúró. Èyí tí ìgbọ̀nkiri rẹ̀ jẹ́ mílímítà 15 tàbí 21 yá lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti òrùlé; kékeré tó ń lo páàdì íńṣì 3 ló yẹ bọ́ńpà àti ìdí iná. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ lè fi ẹ̀rọ ojú kan ṣe àrà, n kò jiyàn ìyẹn.

Páàdì ni wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú jù, bẹ́ẹ̀ òun ló ń kan ọkọ̀ lára. Ẹ má fi àwọ̀ rẹ̀ yàn án, nítorí àwọ̀ kan náà lè le lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan kó sì rọ̀ lọ́dọ̀ òmíràn; ìka ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ wò. Fóòmù tó rọ̀ ni kí a kọ́kọ́ dán wò níbi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, kí a nù ún, kí a tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ìgbà tí ojú ibẹ̀ kò bá sì mọ́ ni kí a tó mú èyí tó le díẹ̀ sí i. Irun àgùntàn ló yẹ kó kẹ́yìn, ìyẹn bí kò bá sí fóòmù tó ṣe é. Kí páàdì fẹ̀ ju àwo ẹ̀rọ tó lẹ̀ mọ́ lọ, kí etí àwo náà má baà ha ọ̀dà. Kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ún bí wọ́n bá ti parí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, nítorí kọ́ńpáùn tó ti gbẹ sínú rẹ̀ ń mú ooru wá, páàdì kan ṣoṣo kò sì tó ọkọ̀ odindi. Èyí tó bá jábọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ọkọ̀ mọ́ títí wọn yóò fi fọ̀ ọ́.

Mo rọ àwọn ọ̀gá péńtà kí wọ́n fi èyí kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ wọn, kí ọlọ́kọ̀ pẹ̀lú sì béèrè ẹ̀rọ àti páàdì tí wọ́n fẹ́ lò kó tó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn