Lẹ́tà sí bàbá tó di ọ̀kọ̀ mú nínú fíìmù Tarzan

Ẹ kú alẹ́ o, Bàbá. Mi ò mọ orúkọ yín, ẹ má bínú.

Àná ni mo wo Tarzan of the Apes lórí fóònù, ti 1918 yẹn, èyí tí kò lóhùn, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ sọ wọ́n á kọ ọ́ síta kéèyàn kà á. Ìtàn ọmọ òyìnbó tí ìnàkí tọ́ dàgbà nínú igbó Áfíríkà ni. Ìwé Edgar Rice Burroughs ni wọ́n fi ṣe é, ọkùnrin tí kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà rí títí tó fi kú. Wọ́n ní Áfíríkà la ń wò, àmọ́ àwọn igi yẹn ni mo tẹjú mọ́, nǹkan kan so rọ̀ lára ẹ̀ka wọn bí irùngbọ̀n arúgbó, mo ní irú igi wo tiẹ̀ rèé, mi ò rírú ẹ̀ rí nílùú wa. Ìgbà tí mo wádìí ni mo rí i pé Morgan City ni, ní Louisiana, l'Amẹ́ríkà, inú irà ibẹ̀ ni wọ́n ti yà á ní 1917. Àwọn ìnàkí inú ẹ̀ gan-an, èèyàn ló wọ awọ.

Ibi tẹ́ ẹ ti wá jáde ni mo ti dá a dúró. Àwọn dúdú àdúgbò yẹn ni wọ́n háyà pé kẹ́ ẹ wá ṣe ará Áfíríkà. Ojú yín ò hàn tán torí fíìmù ti gbó, àmọ́ mo rí ọwọ́ yín, ẹ di ọ̀kọ̀ yẹn mú bí ẹni di ọkọ́ mú, bí àgbẹ̀. Ó dùn mí wọra. Wọ́n jí àwọn baba ńlá yín kó lọ, bóyá apá ọ̀dọ̀ tiwa níbí náà ni, ẹ̀yin ni wọ́n wá tún ní kẹ́ ẹ máa ṣe Áfíríkà tẹ́ ẹ ò dé rí, tí ẹni tó kọ ìwé pàápàá ò dé rí. Igbó àti ọ̀kọ̀ nìkan ni wọ́n fi Áfíríkà hàn, bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí fíìmù yẹn jáde, ó ti tó ọdún 17 tí rélùwéè ti ń gbé èrò láti Èkó dé Ìbàdàn.

Elmo Lincoln tó ṣe Tarzan àgbà lórúkọ, Enid Markey tó ṣe olólùfẹ́ ẹ̀ lórúkọ, Gordon Griffith tó ṣe Tarzan kékeré, ọmọdé lásánlàsàn, òun náà lórúkọ. Tiyín ńkọ́?

Ṣé wọ́n sanwó yín pé? Ṣé ẹ rí i wò nígbà tó jáde, ní sinimá tí wọ́n ti ń ní kí dúdú lọ jókòó sókè lọ́hùn-ún? Ta lẹ mú dání, ṣé ẹ nawọ́ sí i fún un pé èmi rèé?

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti padà síbi tẹ́ ẹ ti jáde yẹn.