Ìbọn Ìléwọ́ Kejì Kọjá Ọ̀rọ̀ Ìfúyẹ́

Sí Olóòtú,

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ìwé àṣẹ láti gbé ìbọn pamọ́ sára ló máa ń yan èyí tó fúyẹ́ jù lọ fún ìbọn kejì, ìyẹn èyí tí wọ́n ń gbé mọ́ ti àkọ́kọ́ bóyá yẹn lè kọṣẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí ìbọn bá ṣe fúyẹ́ tó ni yóò ṣe máa tapá síni lọ́wọ́ tó, débi pé ẹni tó ni ín kò ní fẹ́ fi í dánra wò mọ́. Rìfọ́fà kékeré ọlọ́ta márùn-ún (ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ máa ń yí), irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Smith & Wesson ń ṣe, ni èmi fara mọ́, nítorí bí ọta kan bá kọ̀ tí kò yìn, fífi ìka fa ìbọn náà lẹ́ẹ̀kan sí i ni yóò gbé òmíràn wá. Inú akọ̀ tó bo ibi tí ìka ti ń fà á ni kó máa wà, kí kọ́kọ́rọ́ tàbí owó ẹyọ má sì bá a gbé inú àpò kan náà.

Òǹkàwé yín.